Aláìlóòórùn, Ọ̀gá Àwọn Agbafẹ́fẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Aláìlóòórùn jẹ́, kó kọ́kọ́ lọ wo bó ṣe ń wẹ̀. Ọṣẹ rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Kì í kun ìpara, kì í fi nǹkan kan pa irun, aṣọ tó ń wọ̀ kì í sì í bá aṣọ ẹlòmíràn gbé inú àpótí kan náà. Tó bá wẹ̀ tán, á dúró síwájú dígí, á na apá, á fi imú tọ awọ ara rẹ̀ láti ìka ọwọ́ dé èjìká, á wá mi orí bí olùkọ́ tó rí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló ń wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun kò rùn bí ohunkóhun.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ń san owó oṣù fún èèyàn torí pé ó gba afẹ́fẹ́, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá ó lè bá òun gbà díẹ̀ wálé. Àmọ́ iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀pá irin kékeré kan wà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ìyẹ̀fun dúdú bí èédú ló kún inú rẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tó bá ń rùn nínú afẹ́fẹ́ ọ̀hún á sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun náà. Wọ́n á fi ìdérí bàbà dé e lórí, wọ́n á dé e nídìí, wọ́n á gbé e wá sí yàrá ìyẹ̀wò.

Níbẹ̀ ni obìnrin onímọ̀ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ ti ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Á mú ọ̀pá náà gbóná títí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun á fi tú sílẹ̀. Túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gùn ju ilé lọ, tí wọ́n ká jọ bí okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Inú rẹ̀ ni àwọn òórùn náà á gbà, kálukú á máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e tó, wọn á sì máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti yọ, iná á jó o di gáàsì kan náà tí à ń mí síta lẹ́nu, òòfà ńlá kan á wá ya èyí tó wúwo nínú gáàsì náà kúrò lára èyí tó fúyẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú èédú àti nínú ọ̀pọ̀ ohun tó ń jóná, kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òmíràn wúwo díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í sì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà títí ayé. Ìrèké àti àgbàdo fẹ́ràn àtigba èyí tó wúwo mọ́ra. Epo rọ̀bì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìrèké ṣe ọtí kan, tí wọ́n sì fi gáàsì epo rọ̀bì ṣe òmíràn, imú kò lè yà wọ́n, ahọ́n kò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n òòfà Ìyá Ẹ̀rọ á sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ewu ibẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun dúdú yẹn kò ní ìtìjú. Ohunkóhun tó bá kàn án ló ń gbà mọ́ra. Bí agbafẹ́fẹ́ bá fín lọ́fínńdà, ìyẹ̀fun á gbà á. Bó bá bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ìyẹ̀fun á gbà á. Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń mú ọ̀pá kan dání tí wọn kì í ṣí rárá, wọ́n ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Ibi tí àwọn yòókù bá lọ ló ń bá wọn lọ. Bí wọ́n bá wá bá òórùn nínú ẹlẹ́rìí, a jẹ́ pé àwọn agbafẹ́fẹ́ fúnra wọn ló ba nǹkan jẹ́.

Aláìlóòórùn mú òfin yìí, ó fi ṣe adé. Láràárọ̀ ni ó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyẹ̀wò, tí á máa fi imú gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ó ti lé obìnrin tó ń gbálẹ̀ padà sílé nítorí káfúrà tó ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Ó ti lé awakọ̀ padà nítorí ìpara ikọ́ tí ìyá rẹ̀ fi pa á láyà. Nílé, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ kò gbọdọ̀ fín nǹkan kan, àwọn ọmọ wọn obìnrin kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ lọ́fínńdà títí wọ́n fi délé ọkọ, tí wọ́n wá ń fín in bí ẹni tí ó fẹ́ san gbèsè.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí fi pamọ́ fún gbogbo ayé. Imú rẹ̀ ti kú. Yàrá ìyẹ̀wò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní fèrèsé, oríṣiríṣi èéfín kẹ́míkà olóró ló sì fi ìgbà èwe rẹ̀ fà símú níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ọ̀hún ń kú, nígbà tó sì kú tán pátápátá, kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, ì báà jẹ́ òdòdó, ì báà jẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn láàárọ̀, ojú àwọn èèyàn ló ń wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń sá, òun ló ń lé padà sílé.

Ìdí tí kò fi lè sọ ọ́ kò jìnnà. Nígbà tó ṣì kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́, òun ló dábàá òfin pé ẹni tí kò bá gbọ́ òórùn kò gbọdọ̀ ṣe olórí àwọn agbafẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, wọ́n gbà á wọlé, òfin ọ̀hún gan-an ni wọ́n sì fi yọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà, bàbá onísùúrù kan tí òtútù ti ba imú rẹ̀ jẹ́. Aláìlóòórùn ló bọ́ sípò bàbá náà. Ó mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tí òun bá la ẹnu, ọ̀nà tí bàbá yẹn gbà jáde lòun náà máa gbà.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí ẹjọ́ àwọn ará òpópónà kan dé. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ló wà ní ìdí òpópónà ọ̀hún, ọtí tí wọ́n fi gáàsì epo rọ̀bì ṣe ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ̀dà níbẹ̀. Àwọn ará òpópónà ní òórùn rẹ̀ ń wọlé bá àwọn, ojú ń ta àwọn, àwọn ọmọdé ń wúkọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ní kò kan àwọn, pé ìsọ̀ ọlọ́tí tó wà ní ìkóríta ni kí wọ́n lọ bá, ọtí ìrèké tí wọ́n ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń rùn. Ìgbìmọ̀ kan ló máa dá ẹjọ́ náà, ohun tí òòfà bá sì sọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ ọtí epo rọ̀bì, wọ́n á ti ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ọtí ìrèké, àwọn ará òpópónà á máa mí in lọ.

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣe agbẹnusọ fún òpópónà náà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wúkọ́ débi pé ìjókòó ló fi ń sùn. Lọ́jọ́ tí Aláìlóòórùn débẹ̀, ìyá yìí mú un dúró síwájú ilé rẹ̀, ó ní kó ṣáà fi imú fà á kó tó máa so ẹ̀rọ mọ́ nǹkan. Kí ni Aláìlóòórùn fẹ́ ṣe? Ó di ojú, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó fà á dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó wá mi orí sókè sódò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ìdùnnú.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n máa gbé àpò ọ̀pá lọ sí yàrá ìyẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà, ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ́ tónítóní tó, kò sí ibi tó mọ́ láyé yìí tó ilé òun. Ilé rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, á tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, á tú ìdérí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, á mú aṣọ ìnujú funfun tí ìyàwó rẹ̀ fọ̀ tó sì ká fún un, á fi nu ẹnu ọ̀pá yípo, á dé e padà. Ẹlẹ́rìí pàápàá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí, ó ń ṣí i lálaalẹ́, ó ń nù ún. Ó ní kí ló dé tí ẹlẹ́rìí nìkan á wà ní dídọ̀tí.

Nígbà tí èsì jáde, ọtí inú àwọn ọ̀pá náà wúwo bí ti ìrèké. Inú ilé-iṣẹ́ ọ̀dà dùn, wọ́n fi káàdì ìkíni ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà yàrá ìyẹ̀wò. Ọ̀gá àgbà, tí kò tíì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà náà rí láyé rẹ̀, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ẹ̀rọ àwọn kì í ṣègbè.

Ìyá Ẹ̀rọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ẹlẹ́rìí wò, ó bá ọtí nínú rẹ̀, ọtí tó wúwo bí ìrèké náà, ó sì pọ̀ ju ti inú àwọn ọ̀pá yòókù lọ. Ó wá bá Aláìlóòórùn nínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ọtí yìí kò ti òpópónà wá, ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí i.

Aláìlóòórùn bínú gan-an. Ó to gbogbo òṣìṣẹ́ síta, ó fi imú tọ̀ wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní ọwọ́ awakọ̀ ló ń rùn. Awakọ̀ fi ìyá rẹ̀ búra. Ìyá Ẹ̀rọ ní dípò kí wọ́n máa jà, kí wọ́n gbé ọ̀pá tuntun síbi gbogbo tí àpò náà gbà: inú ọkọ̀, yàrá ìyẹ̀wò, ilé ọ̀gá. Nígbà tí Aláìlóòórùn gbọ́ ilé ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún òun ní méjì, kí wọ́n lè rí bí ilé tó mọ́ ṣe ń rí. Ó gbé ọ̀kan sí pálọ̀, ó gbé ìkejì sínú àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀, níbi tí obìnrin náà máa ń kó aṣọ ìnujú rẹ̀ sí.

Inú ọkọ̀ kò ní nǹkan kan. Yàrá ìyẹ̀wò kò ní nǹkan kan. Ti pálọ̀ ní díẹ̀, ti inú àpótí sì kún débi pé Ìyá Ẹ̀rọ ní láti dá ẹ̀rọ dúró kó fọ̀ ọ́. Ọtí ìrèké ni, òórùn òdòdó sì bá a rìn lóríṣiríṣi. Kò sí ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀, lọ́fínńdà ni, nítorí ọtí ìrèké ni wọ́n fi ń po lọ́fínńdà.

Aláìlóòórùn sáré délé, ó ṣí àpótí, ó tú aṣọ síta, ó bá ìgò náà. Kì í ṣe tuntun. Ó fi í síwájú ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń gán etí aṣọ, ó béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Lọ́fínńdà ni, Bàbá wọn. Ìgò kẹrin nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fín in.”

Ó ní ọdún mẹ́jọ kẹ̀, lábẹ́ òrùlé òun. Ó sọ̀rọ̀ títí nípa òfin, nípa iṣẹ́, nípa ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gán etí aṣọ lọ. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ni obìnrin náà tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù dé tí gáàsì ìdáná ti kún ilé, tí ẹ jókòó síbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé? Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ra lọ́fínńdà yìí lọ́jọ́ kejì. Mo ní bí imú yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ máa bínú. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ máa sọ fún mi. Ẹ ò bínú, ẹ ò sì sọ. Bàbá wọn, kí ni imú yín ń gbọ́?”

Aláìlóòórùn ní òun fẹ́ lọ wẹ̀. Ó sì lọ wẹ̀ lóòótọ́, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, nígbà tó jáde, ó ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì pọ̀ lọ́rùn òun. Ìyàwó rẹ̀ kò béèrè mọ́.

Ìgbẹ́jọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ ní òun máa sọ pé ẹlẹ́rìí ti bàjẹ́, àmọ́ bó ṣe bàjẹ́, ẹni tó gbé àpò ló yẹ kó sọ ọ́, bí kò bá sì sí àlàyé, ìgbìmọ̀ á ní kí èsì àkọ́kọ́ dúró. Aláìlóòórùn rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bó bá sọ pé lọ́fínńdà ti wà nílé láti ọdún mẹ́jọ, ọmọdé pàápàá á béèrè ìdí tí òun kò fi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wá rí ọ̀nà kan tó dára lójú rẹ̀: á ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lọ́fínńdà lọ́sẹ̀ náà gan-an ni, ìgò náà dà sínú àpótí nígbà tí òun kò sí nílé, òun sì ti bá obìnrin náà wí. Ẹ̀bi á lọ sọ́dọ̀ ìyàwó, imú á wà níbi tó wà. Ó fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ra níwájú dígí títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Agbẹ̀bí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kò pariwo. Ó sọ nípa ikọ́ ọmọ náà, ó sọ nípa ojú tó ń ta wọ́n, lọ́yà ilé-iṣẹ́ ọ̀dà wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí òórùn náà bá le tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọn kò kó ọmọ náà lọ síbòmíràn. Ìyá náà nawọ́ sí Aláìlóòórùn níbi tó jókòó sí.

“Ọ̀gá yẹn ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Àbúrò mi ti ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Àmọ́ ọ̀gá dúró síwájú ilé mi, ó fà á símú, ó mi orí. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá ti gbọ́ ọ, ó ti tán, wọ́n máa ti ilé-iṣẹ́ yẹn pa láìpẹ́. Mo ní kí ọmọ ṣì máa gbé lọ́dọ̀ mi.”

Wọ́n pe Aláìlóòórùn. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ra, ó sì pa á tì. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, kì í ṣe nítorí àwọn tó jókòó síbẹ̀, nítorí ọmọ tí kò tíì rí rí yẹn ni. Ó ní kí ìgbìmọ̀ da èsì àkọ́kọ́ nù. Ó ní lọ́fínńdà ìyàwó òun ló wọ inú ọ̀pá, pé òun ló gbé ọ̀pá lọ sílé, òun ló ṣí wọn, òun ló fi aṣọ tó ń rùn nù wọ́n. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ọ̀dà dìde, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó béèrè bí ọ̀gá àwọn agbafẹ́fẹ́ ṣe ń bá lọ́fínńdà gbé láìgbọ́ òórùn rẹ̀.

“N kì í gbọ́ òórùn,” ni Aláìlóòórùn wí. “Ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dúró síwájú ilé ìyá yìí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn mi orí ni.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, a ò sì lè dá a lẹ́bi. Agbẹ̀bí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò ó. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹlòmíràn lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun, Ìyá Ẹ̀rọ sì lọ gbà á fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìí mọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọtí inú afẹ́fẹ́ òpópónà fúyẹ́, ó bá èyí tó wà nínú àgbá ilé-iṣẹ́ ọ̀dà dọ́gba, wọ́n sì ti ibẹ̀. Agbẹ̀bí kò tiẹ̀ dúró de èsì, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ gan-an ló ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ní ti Aláìlóòórùn, wọ́n fi òfin tó dábàá yọ ọ́ nípò, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó irin iṣẹ́ sí, ibi tí wọ́n gbé ọ̀gá àtijọ́ sí nìyẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn, kó tó di pé wọ́n yọ ọ́ nípò, ọkùnrin náà rìn wálé, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbà pé òun ti ṣe ohun tó le jù láyé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí aṣọ tó ń rán ní pálọ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, bí lọ́yà ṣe béèrè àti bí òun ṣe dáhùn. Ó ń retí kí obìnrin náà kí òun kú akin.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó yọ ìbọ̀ka ìránṣọ kúrò lọ́wọ́, ó gbé e sórí tábìlì.

“Ẹ sọ ọ́ fún àjèjì kí ẹ tó sọ ọ́ fún mi,” ló wí.

Aláìlóòórùn fa àga kan, ó jókòó sí i, ó ní òun á sọ ọ́ báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí òun náà ṣe kọ́kọ́ mọ̀ àti bí ẹ̀rù ṣe ba òun. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde. Ó ní kó dúró ná, ọbẹ̀ ti ń jóná láti ìgbà tó ti wọlé.